Kòkó oṣù mẹ́rin, ààlà tí wọ́n ṣán, ẹ̀rùn tó ń bọ̀: kí ló yẹ kó ṣáájú?

Olóko Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Éékà 2 ni ilẹ̀ mi lápá Ilé-Olújì, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Inú oṣù Kẹfà la gbin kòkó 800 síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, irú alábọ́dé tí wọ́n ń pè ní TC, tí CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, mú jáde. Àgbàdo ló ń ṣíji bò wọ́n, a sì ti ya àgbàdo ọ̀hún láti oṣù Kẹjọ.

Oṣù Kẹwàá ti dé àárín báyìí, nǹkan bí 90 nínú kòkó náà ti kú. Apá ìlà-oòrùn jẹ́ igbó tí ẹnikẹ́ni kò ro, ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá ló gba ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn alágbàṣe ṣán ààlà ìhà ibẹ̀, wọ́n sì bẹ́ pèrègún mẹ́ta lulẹ̀. Ìdílé tó ni igbó náà ti wá bá mi, wọ́n ní ìlà kòkó méjì wà nínú ilẹ̀ àwọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dáná sun pàǹtí tí wọ́n ṣán sílẹ̀ yẹn? Ṣé kí n fín apakoríko sí gbogbo oko, kí n lè sinmi títí òjò míì? Ṣé kí n sì tètè fi òmíràn rọ́pò àwọn tó kú kí òjò tó dáwọ́ dúró?

*

Onínọ́sìrì

Rárá ni ìdáhùn mi sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé kòkó tó bá ti gbérí tó yọ ewé tuntun lẹ́ẹ̀mejì ti mú ilẹ̀, ó ti là nìyẹn. Kò tíì là. Kòkó tí kò tíì rí ẹ̀rùn kan kọjá, àlejò ló ṣì jẹ́ lórí ilẹ̀ náà. Gbòǹgbò tó ń wá oúnjẹ fún un kò jìn rárá, inú erùpẹ̀ òkè tí kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn oṣù Kejìlá àti ọyẹ́ sì kọ́kọ́ ń gbẹ. Ẹ ò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí ilẹ̀ yóò fi máa rọ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe láàárín rẹ̀ ni yóò sọ iye tí ẹ máa bá láàyè nígbà tí òjò bá padà ní oṣù Kẹta.

Bí èmi ṣe máa tò ó nìyí: ibòòji lákọ̀ọ́kọ́, ìdí igi lẹ́yìn rẹ̀, ààlà lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n kí ààlà má kọjá ìparí oṣù Kọkànlá. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni igbó kò dúró de èyíkéyìí nínú wọn o. Ọ̀la ni kí ẹ lọ bá wọn.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fa mẹ́wàá tu nínú àwọn tó kú, láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko, kí ẹ fọ gbòǹgbò wọn nínú omi. Bí olórí gbòǹgbò bá ká bí ìkọ́ ẹja, ihò tí wọ́n gbẹ́ kò jìn tó, tàbí kó ti ká láti inú náílọ́ọ̀nù kó tó dé oko. Bí ẹ bá rí náílọ́ọ̀nù tó ṣì wà lára erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, alágbàṣe ló sáré. Bí ọrùn igi bá dúdú tó sì rà, wọ́n rì í jù, tàbí omi dúró síbẹ̀. Bí gbòǹgbò bá gún tó mọ́, tí orí rẹ̀ sì jó, oòrùn ló pa á. Àrùn kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀, ẹ má kàn ra òmíràn láìmọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́.

*

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n Onínọ́sìrì, mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ àfi ti apakoríko. Owó alágbàṣe ti kọjá agbára ẹni tó ní éékà 2. Ẹni tó fín oògùn lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹwàá, koríko kò ní gbérí títí di oṣù Kẹrin. Ẹni tó ṣán án, kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó ti tún bò ó. Ìṣirò ni.

*

Onínọ́sìrì

Ìṣirò ni lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é tán.

Àkọ́kọ́, irú oògùn wo? Paraquat tí àwọn ènìyàn ṣì ń wá kiri, NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ẹni tó bá gbé e fún yín lábẹ́ tábìlì, ẹ dá a padà fún un. Èyí tó kù lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ni glyphosate, ewé ni ìyẹn sì ń gbà wọlé. Kòkó oṣù mẹ́rin, ewé rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, ó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú koríko tí ẹ fẹ́ pa. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ìrì oògùn náà bà á, kò ní kú lọ́jọ́ náà. Ewé tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò máa jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé koríko, pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi náà yóò sì dúró lójú kan. Ọ̀pọ̀ ló ń rí èyí tí wọ́n ń pè é ní àìsàn, tí wọ́n tún ń ra ajílẹ̀ lé e.

Èkejì, ìdí igi tó mọ́ fefe láìsí ewé gbígbẹ tó bò ó, oòrùn ló máa jó o. Koríko tí ẹ fi oògùn pa ní oṣù Kẹwàá yóò gbẹ dúró sójú kan, epo ni ìyẹn fún iná oṣù Kejì.

Ibi tí mo ti gbà pé oògùn wúlò ni ẹ̀kan tó wà ní ààlà, ní ìhà òde ìlà kòkó, torí àdá kì í pa ẹ̀kan, gbòǹgbò rẹ̀ tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé e dìde. Ẹ ṣán an, ẹ jẹ́ kó padà hù dé orúnkún, kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kí ẹ tó fín in. Bí ó bá ti ń pọ́n nítorí ẹ̀rùn, ẹ ti fi oògùn ṣòfò. Omi tó mọ́ ni kí ẹ fi po ó, torí amọ̀ inú omi ẹrẹ̀ máa ń so oògùn náà mọ́ra tí kò fi ní ṣiṣẹ́. Òwúrọ̀ kùtù nígbà tí ewé kò mì ni kí ẹ fín in, kí ẹnu ìfín sún mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ike tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ bo ẹnu ìfín bí fìlà. Tánkì ẹ̀yìn ni kí ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí òjò bá máa rọ̀ kó tó pé wákàtí mẹ́fà, ẹ dúró. Iye tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù ni kí ẹ wọ̀n. Ìdérí ìgò kò dọ́gba, ẹ má fi wọ̀n ọ́n.

*

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Ẹ ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ sórí oògùn, kòkó ọmọ ọlọ́mọ wà nínú oòrùn. Àgbàdo kì í ṣe ibòòji fún kòkó, mo máa ń sọ ọ́. Oṣù méjì péré ló fi ń bò ó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ya á ni kòkó wà ní ìhòòhò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni. Ẹ wá ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, kí ẹ gbin ín sáàárín kòkó mẹ́rin-mẹ́rin kí òjò tó parí.

*

Onínọ́sìrì

Ìyá wa, òótọ́ ni ẹ sọ nípa àgbàdo. Ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ gan-an, òótọ́ ni, àsìkò rẹ̀ ni mi ò gbà. Ó yẹ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kí kòkó tó dé. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní àárín oṣù Kẹwàá, kò ní ní ewé tó lè ṣíji bo ohunkóhun kí ẹ̀rùn tó le, omi díẹ̀ tó kù nínú ilẹ̀ ni yóò sì máa bá kòkó pín. Kó dúró di oṣù Kẹrin, kí wọ́n wá èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà, kì í ṣe aléwé fẹ̀ǹfẹ̀.

Bí ẹ bá gbin ín sí gbogbo àárín kòkó mẹ́rin, iye rẹ̀ á tó iye kòkó fúnra rẹ̀, nǹkan bí 435 lórí éékà kan. Ìyẹn pọ̀ jù fún ẹni tí kò ní lè máa gé e. Ẹ fo àyè kan gbin èkejì, yóò dín sí nǹkan bí 218. Ẹ má jẹ́ kí ó ju igi méjì lọ lójú ìdí kan.

Ní báyìí, imọ̀ ọ̀pẹ ló kù. Ẹ gún un mọ́lẹ̀ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn kòkó kọ̀ọ̀kan, torí oòrùn ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jó o jù. Ibi tí ilẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, ẹ fi òmíràn kún un ní ìhà ìlà-oòrùn. Kó fi ẹsẹ̀ kan àbọ̀ jìnnà sí igi, kó sì tẹ̀ sí i díẹ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Lẹ́yìn oṣù Kẹta, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

*

Olóko Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn ti ń rẹ̀ sílẹ̀, ewé orí wọn pọ́n, ó sì rọ̀ jọwọlọ. Ṣé mo ti pẹ́ jù ni?

*

Onínọ́sìrì

Ẹ fara balẹ̀. Ewé tuntun kòkó máa ń pọ́n nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, á rọ̀ bí aṣọ tútù, á sì so sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá a nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yóò le, yóò sì di àwọ̀ ewé. Ewé tó ti gbó ni kí ẹ máa wò. Bí etí rẹ̀ bá ń jó wọ inú, tàbí tó ń já láti orí wálẹ̀ tó fi ku ọ̀pá nìkan, òùngbẹ nìyẹn, tàbí kòkòrò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sídìí ọ̀kan. Ẹ fi ìka tú koríko tó wà ní ọrùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí erùpẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀ bí ọ̀nà tóóró tó ń gòkè, ikán ti dé. Ẹ ha á kúrò, kí ẹ sì kó gbogbo igi gbígbẹ tó wà nítòsí jìnnà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀ ní ibi tó ga tó ìka mẹ́ta sílẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù tó ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Kódà bí òkè rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e ní dídà díẹ̀ sókè ibi tó tutù dé. Yóò yọ ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀. Ẹ dá èyí tó gún tó sì lágbára jù sí, kí ẹ ré ìyókù. Bí abẹ́ èèpo bá pọ́n, tó gbẹ, kò sí i mọ́. Ẹ ka àwọn 90 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́nà yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwọn tí kò kú nínú wọn.

Ní ti ìdí igi: ọwọ́ àti àdá kékeré, kì í ṣe ọkọ́. Ọkọ́ ń gé gbòǹgbò òkè yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rùn sì ṣe ń wọlé, igi kò ní rí àyè hu òmíràn. Ẹ tu koríko ní àyíká rẹ̀ kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 láti etí kan dé èkejì. Koríko tí ẹ tu kò gbọ́dọ̀ ní èso tàbí gbòǹgbò ẹ̀kan nínú. Ẹ gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ méjì kó rọ, kí ẹ fi bo ibẹ̀ kó nípọn tó ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ìka mẹ́rin mìíràn ṣí sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ọrùn igi. Àyè tó ṣí yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í fi sílẹ̀. Bí wọn kò bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ni ikán ń gbà, ibẹ̀ ni ọrùn igi ti ń rà.

Àárín ìlà ní tiẹ̀, ẹ ṣán an, ẹ má ro ó. Kí kùkùté koríko ga tó ìka mẹ́ta, kó lè di ilẹ̀ mú.

*

Ọmọ Ìdànrè

Ibi tí àdá ti ń ṣèèṣì bẹ́ kòkó ńkọ́? Ìyẹn ló ń pa kòkó jù ẹ̀rùn lọ lọ́wọ́ alágbàṣe.

*

Onínọ́sìrì

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ wà nínú bí ẹ ṣe ń sanwó. Bí ẹ bá gbé gbogbo iṣẹ́ fún wọn ní iye owó kan lórí éékà, wọn yóò sáré, kòkó tó wà nínú koríko yóò sì bá a lọ. Ẹ pín in sí méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi owó ojúmọ́ gba ènìyàn méjì tí yóò fi ọwọ́ tu ìdí igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ri ọ̀pá tó ga dé ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bá ti parí ni kí àwọn tó ń gba owó éékà wá ṣán àárín. Igi tí àkísà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ṣòro rí.

*

Awọnlẹ̀

Mo fẹ́ dá sí ti ìlà kòkó méjì yẹn. Ẹ má wú kòkó kankan, ẹ má sì gbìn sí i. Ẹ wá òpó síméǹtì tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ bóyá ó bá ti inú ìwé ìwọnlẹ̀ yín mu. Okùn tó gún láti òpó kan dé èkejì ni ààlà. Ibi tí àdá ti kọjá kì í ṣe ààlà.

Ohun kan tó ń dá ìjà sílẹ̀ lóde òní: àwọn ènìyàn máa ń mú nọ́ńbà inú ìwé ìwọnlẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù, wọ́n á sì rí i pé ilẹ̀ wọn ti wọ oko ẹlòmíràn. Òdiwọ̀n tí a ń pè ní Minna ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ ìwé ìwọnlẹ̀ ní Nàìjíríà, fóònù sì ń lo òdiwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WGS84. Ìpìlẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹ kò bá yí i padà, ààlà yóò ṣí lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ mítà, ó pọ̀ ju ìlà kòkó méjì lọ fíìfíì. Kódà bí ẹ bá yí i padà, lábẹ́ igi ńlá fóònù lè ṣìnà mítà mélòó kan. Kò tó fi parí ìjà ẹsẹ̀ bàtà 20.

*

Àgbà Ààlà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ pèrègún yẹn ni ẹ gbójú fò. Ẹni tó bẹ́ pèrègún ní ààlà, lójú ìdílé kejì, ẹ̀rí ló ń pa rẹ́. Kò sí bí wọn kò ṣe ní bínú. Kí Olóko Tuntun lọ bá wọn pẹ̀lú ẹni tó ta ilẹ̀ fún un tàbí tó fún un ní ilẹ̀, kó sọ pé àwọn alágbàṣe ló ṣèèṣì, kí wọ́n jọ fẹsẹ̀ rin ààlà náà láti igun dé igun, kí àgbà kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Pèrègún kì í tètè kú. Kùkùté tó kù nílẹ̀ yóò yọ ọmọ, ibẹ̀ ni ẹ máa fi mọ ojú ibi tó wà. Kí wọ́n má ṣe hú u o.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ gé igi pèrègún tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ dá ìdí rẹ̀ ní dídà kí ẹ má baà gbin orí sísàlẹ̀, kí ẹ rì í tó ẹsẹ̀ kan àbọ̀, kí ẹ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Níwájú ìdílé méjèèjì ni kí ẹ ti gbin ín. Èyí tí ènìyàn dá nìkan gbìn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ìjà ọjọ́ iwájú ló gbìn.

Bó bá sì jẹ́ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń kà á ń san, ẹ má gbin pèrègún láìjẹ́ pé onílẹ̀ sọ pé kí ẹ gbìn. Igi ààlà ni, ó ń sọ pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín.

*

Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Fún ẹni tí kò lè gbin pèrègún, làpálàpá ńkọ́? Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́.

*

Onínọ́sìrì

Ó dára fún ewúrẹ́, àmọ́ èso rẹ̀ lóró, kí àwọn ọmọdé má baà jẹ ẹ́. Agúnmániyè tún wà: ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 6, tó nípọn bí ọwọ́ ọmọdé, ẹ rì í sílẹ̀ nígbà òjò. Ó ń hù kíákíá, ewé tó ń já láti ara rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá, ẹ sì lè máa gé e fi bo ìdí kòkó. Ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, àbùkù rẹ̀ nìyẹn. Àbùkù kejì ni pé gbòǹgbò èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka gbìn kì í jìn, ìjì lè wó o nígbà tó bá ga. Ẹ máa gé orí rẹ̀ lọ́dọọdún.

*

Olóko Tuntun

Mo ti lọ bá ìdílé náà láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi. Wọ́n gbà pé ká jọ rìn ín lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ṣeun, bàbá.

Ní ti iná: àwọn kan ní kí n la ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 10 yí oko ká. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, ilẹ̀ tó lè gba kòkó bí 114 ni mo máa fi sílẹ̀ lásán. Ṣé kò pọ̀ jù?

*

Onínọ́sìrì

Ìṣirò yín pé. Ìhà kọ̀ọ̀kan éékà 2 yín yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 295, bí ẹ bá yí i po ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ìdá mẹ́rin éékà kan ti lọ, ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti yí i po. Iná kì í sábà ti inú oko kòkó àgbà tó ṣíji jáde, ó sì ṣòro kó ti inú ilẹ̀ àkùrọ̀ wá. Ibi tí ẹ̀kan àti ewé Akíntọ́lá wà ni yóò ti wá, ìyẹn ìhà ìlà-oòrùn yín. Ìhà kan péré, ilẹ̀ kòkó bí 29. Ẹ fi ṣe ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà kó ìkórè, kò ní jẹ́ lásán. Mo sì ní kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15 níbi tí ẹ̀kan bá ga gan-an, torí ọwọ́ iná ẹ̀kan máa ń dà síwájú bí afẹ́fẹ́ bá gbé e.

Nísinsìnyí, pàǹtí tí wọ́n ṣán. Ààlà tí wọ́n ṣán tí wọ́n kò gbá, ó burú ju èyí tí wọn kò ṣán lọ. Ìṣáńkù gbígbẹ tó tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ yẹn, afárá ni fún iná láti inú igbó wọ inú oko yín. Kí wọ́n gbá a títí ẹ ó fi rí erùpẹ̀. Èyí tí kò ní èso àti gbòǹgbò ẹ̀kan, ẹ kó o wọlé, ẹ fi bo ìdí kòkó tó jìnnà sí ààlà, ìyẹn láti ìlà kẹrin lọ sínú. Igi àti ẹ̀ka tó nípọn, ẹ gbé e lọ sí ìhà tí kò ní koríko. Ẹ má dáná sun ún níbẹ̀, kódà ní oṣù Kẹwàá tí ẹ rò pé ilẹ̀ tutù. Gbòǹgbò igi gbígbẹ lè máa jó lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kó tó yọjú níbòmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa gbá a: ìparí oṣù Kọkànlá, àti àárín oṣù Kìíní. Ẹni tó gbá a lẹ́ẹ̀kan tó jókòó, ewé tí ọyẹ́ gbọ̀n sílẹ̀ yóò ti bo ọ̀nà náà padà kí oṣù Kejì tó dé, oṣù tí àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń fi iná lé oyin ń rìn jù.

Imọ̀ ọ̀pẹ tí mo ní kí ẹ fi ṣíji bo kòkó, ó máa gbẹ, iná sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ibòòji imọ̀ kó má ṣe ojú ọ̀nà iná. Àwọn méjèèjì ń rìn papọ̀.

*

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ti ààlà. Àwọn aṣojú àwọn tó ń ra kòkó ti ń rìn kiri pẹ̀lú fóònù báyìí, wọ́n ń ya àwòrán oko. Ṣé kí ènìyàn gbà?

*

Onínọ́sìrì

Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ṣe ní 2023 ló fà á. Ó sọ pé kòkó tí wọ́n bá máa gbé wọ ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Oko tó ju hẹ́kítà 4 lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yà yíká. Éékà 2 kò tó hẹ́kítà 1, ojú kan péré láàárín oko ti tó fún un. Nítorí náà, ẹ gbà kí wọ́n mú ojú kan náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rin ààlà yíká nígbà tí ẹ̀yin àti aládùúgbò kò tíì fẹnu kò, ẹ ní kó dúró, torí bí oko méjì bá wọnú ara wọn lórí àwòrán, àwọn méjèèjì lè pàdánù olùrà. Ẹ sì máa bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń gbé àwòrán náà lọ.

*

Olóko Tuntun

Ti ìrọ́pò àwọn tó kú, ṣé òótọ́ ni pé kí n dúró? Onínọ́sìrì kan nítòsí mi ní òun ní ọgọ́rùn-ún tó ṣẹ́kù, ó fẹ́ tà á fún mi ní owó pọ́ọ́kú.

*

Onínọ́sìrì

Ẹ má rà á. Èyí tó ṣẹ́kù sí nọ́sìrì ní oṣù Kẹwàá ti pẹ́ jù nínú náílọ́ọ̀nù, gbòǹgbò rẹ̀ ti ká nínú rẹ̀. Òun náà ni ẹ máa fà tu lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ gbìn fúnra yín. Ọ̀dọ̀ CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, tàbí oko tí wọ́n fún láṣẹ láti pèsè irúgbìn ni kí ẹ ti gba èso, ẹ má mú u láti inú oko TC àwọn ènìyàn, torí ọmọ tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò ní dà bí ìyá rẹ̀. Èso kan máa ń ní hóró tó lé ní ọgbọ̀n. Èso mẹ́rin yóò fún yín ní bí 120, ìyẹn yóò kárí 90 pẹ̀lú àwọn tí ẹ̀rùn yìí bá tún mú. Kí ẹ gbà á ní ìparí oṣù Kejìlá. Hóró kòkó kì í pẹ́ láàyè lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ́ èso rẹ̀, ẹ gbin ín láàárín ọjọ́ méjì. Kí ẹ lu ihò sí ìdí náílọ́ọ̀nù, kí ẹ má jẹ́ kí omi dúró níbẹ̀. Tó bá di oṣù Karùn-ún, wọn yóò ti pé oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, ilẹ̀ yóò ti mu omi dáadáa.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ẹ máa bomi rin èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Kòkó 710, lítà kan àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lítà 1,065 ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́tàlélógójì ni ẹ máa rù fún ìgbà kan ṣoṣo. Kò ṣeé ṣe fún gbogbo oko. Ẹ yan àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yanrìn nìkan, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí ìdí ike omi, kí ẹ rì í díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó máa ro tó-tó-tó.

*

Olóko Tuntun

Ó yé mi. Alágbàṣe méjì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Imọ̀ mélòó ni kí n sọ fún ẹni tó ń gun ọ̀pẹ kó gé?

*

Onínọ́sìrì

Ká ní ẹ fẹ́ méjì-méjì fún gbogbo 710, ègé 1,420 ni. Ṣùgbọ́n imọ̀ ọ̀pẹ àgbà kan gùn tó ègé mẹ́ta tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5, nítorí náà odindi imọ̀ bí 475. Bó bá gé mẹ́jọ ìsàlẹ̀ lára ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan, yóò gun ọ̀pẹ bí 60. Kó má gé jù bẹ́ẹ̀ lọ lára ọ̀kan, torí ìdí ẹyìn. Bí ọ̀pẹ tó wà nítòsí kò bá tó, ẹ fún kòkó orí ilẹ̀ yanrìn ní méjì, kí ìyókù gba ẹyọ kan ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kí wọ́n sì bó ewé kúrò ní apá ìsàlẹ̀ ègé kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà kan kí wọ́n tó gún un mọ́lẹ̀, kí ikán má baà tètè rí ibi wọ̀.